Rédà tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń já lemọ́lemọ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Àjàṣẹ́

Ọkọ̀ onígbòkun ni, Kútọnu ló sì gúnlẹ̀ sí. Kò lè dé ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, torí òpó rẹ̀ ga ju ohun tó lè gba abẹ́ àwọn afárá Kútọnu wọ inú ọ̀sà lọ. Orí rédà rẹ̀ nìkan, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wá ohun tó wà yí ọkọ̀ ká, ni wọ́n tú kúrò lókè òpó, tí wọ́n faṣọ wé, tí wọ́n sì gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wáńdó. Ẹni tó gbé e wá jẹ́ ọmọ Sábẹ̀ẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ náà fún ẹni tó ni ín. Ó kí mi tán, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́líìtì tuntun la fẹ́ kí ẹ bá wa fi sí i. Èyí tí wọ́n fi sí i kẹ́yìn ò tíì pẹ́ rárá tó fi já."

Mo bi í pé ìgbà wo ni bẹ́líìtì yìí máa ń já. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó máa ń jẹ́ lẹ́yìn òjò ńlá, tí wọ́n bá fẹ́ tan rédà láàárọ̀. Mo kọ gbólóhùn yẹn sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan síkúrù kankan. Ó tún fi ẹ̀sùn méjì kún un: ìlà tó ń fi iwájú ọkọ̀ hàn lójú ẹ̀rọ máa ń sọnù nígbà mìíràn tí àwòrán á sì máa yí kiri, àti pé nígbà mìíràn áńténà máa ń lọ́ra kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Kí ẹni tí kò tú rédà rí lè bá mi lọ, bó ṣe rí nínú nìyí. Abẹ́ ìdérí funfun róbótó náà, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, ni áńténà pẹlẹbẹ kan wà. Orí ọ̀pá ni ó dúró lé, ọ̀pá náà dúró nínú bíárìn, kẹ̀kẹ́ eléyín ńlá kan sì wà lára rẹ̀. Mọ́tọ̀ kékeré kan ló ń fi bẹ́líìtì eléyín fa kẹ̀kẹ́ yẹn, tí áńténà sì ń yí nígbà 24 ní ìṣẹ́jú kan. Magnetron ló ń tú ìgbì jáde, ní nǹkan bíi mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 9,410, ìgbì náà sì ń gba oríkèé kan láàárín ọ̀pá kọjá lọ sókè sínú áńténà. Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 12.35 péré nínú rẹ̀ ni ìgbì ń lò láti lọ dé máìlì òkun kan kó sì padà wá. Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó nìyẹn. Ìhà tí nǹkan wà, ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, kẹ̀kẹ́ àti òòfà ni: òòfà kékeré kan wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ńlá náà, gbogbo ìgbà tó bá sì kọjá níwájú swíìṣì rẹ̀, ẹ̀rọ á mọ̀ pé áńténà kọjú sí iwájú ọkọ̀ báyìí. Tí ẹ̀yà irin wọ̀nyí bá ṣe ségesège, magnetron tó dára jù lọ láyé ò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ó sì jẹ́ ohun tó ń gba èèyàn là. Lójú òkun wa, ọkọ̀ apẹja onígi pọ̀ lóru, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí wọ́n wà bíi ti àwọn ọkọ̀ ńlá. Òjò líle máa ń bo ojú lójijì láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, eruku ọyẹ́ náà á sì bò ó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Igi kì í dá ìgbì padà dáadáa bí irin, nítorí náà àmì ọkọ̀ onígi lójú rédà máa ń kéré. Tí áńténà bá ń tàsé tàbí tó ń fà, àmì kékeré yẹn ló máa kọ́kọ́ sọnù. Ọmọ ẹlòmíràn ló sì jókòó sínú ọkọ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè kàn fi bẹ́líìtì sí i kí n sì gba owó iṣẹ́.

Kí a tó ṣí i

Ẹ má ṣí orí rédà láìjẹ́ pé ẹ ti yọ wáyà iná rẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì dúró. Apá tó ń ti magnetron ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, kapásítọ̀ inú rẹ̀ sì lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Mo máa ń fi wáyà tó ní rẹsístọ̀ nínú tú iná yẹn sílẹ̀ kí ọwọ́ mi tó wọ ibẹ̀. Òòfà tó wà lára magnetron lágbára gan-an: síkúrúdíráfà onírin tó bá sún mọ́ ọn, ó máa fà á mọ́ra, ìgbátí yẹn nìkan sì lè bà á jẹ́. Ní ti pé kí èèyàn jẹ́ kí rédà máa tú ìgbì jáde lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọṣẹ́ ń kọjá níwájú rẹ̀, n kò fara mọ́ ọn láé. Mọ́tọ̀ nìkan ni mo ń fún ní iná, láti ara ẹ̀rọ ìpèsè iná ọ̀tọ̀.

Ohun tí bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ sọ

Ọmọṣẹ́ mi ti mú bẹ́líìtì tó já náà, ó fẹ́ sọ ọ́ sínú pàǹtírí. Mo ní kó gbé e fún mi. Bẹ́líìtì tó já kì í ṣe pàǹtírí. Ara rẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Tí eyín bẹ́líìtì bá jẹ tán déédéé yí gbogbo rẹ̀ ká, ó ti gbó ni, tàbí ó ti le jù. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń tú bí etí aṣọ, kẹ̀kẹ́ kékeré ara mọ́tọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ńlá kò wà lórí ìlà kan náà. Tí àwọn eyín bá ṣe fínnífínní àmọ́ tí rọ́bà rẹ̀ là káàkiri, oòrùn àti ooru ló jẹ ẹ́. Èyí tí mo mú lọ́wọ́ kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Eyín rẹ̀ dára ní gbogbo ibi àyàfi ojú kan ṣoṣo, tí kò gùn ju èékánná lọ, níbi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ títí tó fi pẹlẹbẹ, tó sì já níbẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ṣòro. Bẹ́líìtì dúró sójú kan, kẹ̀kẹ́ kékeré ara mọ́tọ̀ sì ń yí lórí rẹ̀, ó ń họ ọ́. Mọ́tọ̀ fẹ́ lọ, áńténà kọ̀. Ohun kan di áńténà mú láàárọ̀, lẹ́yìn òjò.

Ọmọṣẹ́ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe bẹ́líìtì tí kò bá a mu ni wọ́n fi sí i ni?" Ìbéèrè tó dára ni, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́líìtì inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ àdàkọ máa ń jọ ti rédà lójú. Àmọ́ àlàfo láàárín eyín sí eyín ló ṣe pàtàkì: ti irú T2.5 jẹ́ mìlímítà 2.5, ti irú MXL jẹ́ 2.032. Lórí eyín 100, ọ̀kan máa gùn tó mìlímítà 250, èkejì ò ní ju 203.2 lọ. Wọn ò lè pààrọ̀ ara wọn láé. A ka eyín rẹ̀, a wọ̀n ọ́n, a sì fi wé kẹ̀kẹ́: ó bá a mu pátápátá. Ẹni tó fi í sí i mọ ohun tó ń rà. Ohun tó ń pa bẹ́líìtì ni kò wá.

Nínú

Nígbà tí a gbé ìdérí kúrò, ìlà omi wà lára ògiri inú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ga ní apá kan, ó sì rẹlẹ̀ dé òdo ní apá kejì. Omi ti dúró síbẹ̀ rí, ó sì ti pẹ́. Ẹni bá rí i mọ̀ pé orí rédà yìí kò dúró gbọọrọ lókè òpó, ó dagun. Mo yà á ní fọ́tò, mo sì fi máákà fa ọfà sí apá tó ga jù.

Ihò kan máa ń wà nísàlẹ̀ irú rédà báyìí, ihò tí omi tó bá wọlé fi ń jáde. Mo wá a, n kò rí i. Sìlìkóònù ni wọ́n fi dí i. Ẹnì kan, ó dájú pé èrò rere ló ní, rí omi nínú rédà, ó sì dí gbogbo ihò tó rí kí omi má baà wọlé mọ́. Omi ṣì ń gba ẹnu ìdérí wọlé, torí rọ́bà tó yí ẹnu rẹ̀ ká ti pẹlẹbẹ, wọ́n ti fún àwọn bóòtù rẹ̀ le kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tó ń gbà jáde ni wọ́n dí.

Sìlìkóònù yẹn tún ní ìṣòro mìíràn. Irú èyí tó máa ń rùn bíi fínígà nígbà tó bá ń gbẹ ni. Òórùn fínígà yẹn jẹ́ ásíìdì lóòótọ́, ó sì ń jẹ kọ́pà. Nínú àpótí tí a pa dé, kò ríbi jáde, ara wáyà ló máa lọ. Gbogbo ẹsẹ̀ wáyà tó sún mọ́ ibẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ iná ṣe, tí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo sìlìkóònù, ẹ ra irú èyí tí kò ní ásíìdì nínú, wọ́n máa ń kọ "neutre" sára rẹ̀. Ihò omi kò fẹ́ èyíkéyìí.

A yọ bẹ́líìtì, mo sì fi ìka yí áńténà. Ó ń lọ gírígírí, ó dúró, ó tún lọ. Bíárìn òkè ti dógùn-ún. Mo gbá etí áńténà mú, mo tì í sókè sódò: ó mì. Ohun tí mo ń wá nìyẹn.

Nọ́ḿbà ara bíárìn náà ni 6005ZZ. Ó yẹ kí gbogbo ọmọṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka èyí, torí kò sídìí láti wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Dantokpa ní Kútọnu pẹ̀lú bíárìn nínú àpò kí èèyàn máa bẹ ọlọ́jà pé kó bá òun wá èyí tó jọ ọ́. Láti 04 lọ sókè, ẹ fi 5 sọ nọ́ḿbà méjì tó kẹ́yìn di púpọ̀, ẹ ti mọ ìbú ihò àárín rẹ̀ nìyẹn. 05 lọ́nà 5, mìlímítà 25. Ìbú ìta 6005 jẹ́ 47, sísanra rẹ̀ jẹ́ 12, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é láyé. Kò nílò kí ó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe rédà. ZZ túmọ̀ sí pé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ó lè dá eruku dúró, kò lè dá omi dúró. Èyí tí mo rà ní ọwọ́ àwọn tó ń ta bíárìn ẹ̀rọ ìlọta jẹ́ 2RS, tí rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Rọ́bà yẹn máa ń jẹ́ kó wúwo díẹ̀ láti yí, nítorí náà mo pinnu láti wo iye iná tí mọ́tọ̀ máa gbà kí n tó gbà pé ó dára.

Yíyọ tàtijọ́ gba sùúrù. Oríkèé tí ìgbì ń gbà kọjá wà láàárín ọ̀pá gan-an, ẹni tó bá fi òòlù lù ú ti ba rédà jẹ́. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìfàyọ fà á ni. Láti fi tuntun wọlé, mo gbé bíárìn sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì, mo sì fi atẹ́gùn gbígbóná yá ilé rẹ̀ tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Ooru mú ihò fẹ̀, òtútù mú bíárìn súnkì, ó sì bọ́ sínú rẹ̀ láìsí ariwo.

Mọ́tọ̀ kò ṣe nǹkan kan ju pé káábọ̀nù rẹ̀ ti jẹ. A pààrọ̀ káábọ̀nù náà.

Ìlà iwájú tó ń sọnù

Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀sùn kejì yìí lè jẹ́ ti ẹ̀rọ iná. Lẹ́yìn tí mo rí bí áńténà ṣe ń mì, mo wò ó lójú mìíràn. Òòfà wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ńlá, kẹ̀kẹ́ ńlá wà lára ọ̀pá, ọ̀pá ń mì nínú bíárìn. Tí ìgbì òkun bá gbé ọkọ̀ sọ́tùn-ún, òòfà á sún mọ́ swíìṣì, ẹ̀rọ á rí i. Tó bá gbé e sósì, òòfà á jìnnà, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kan. Lórí omi tó pa rọ́rọ́, kò ní sí ìṣòro rárá. Mo tẹ àbúrò tó gbé e wá láago, mo bi í bóyá lójú omi tó ń ru ni ìlà yẹn máa ń sọnù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n, nínú èbúté kì í ṣe é." Bíárìn kan náà ló fa ẹ̀sùn méjèèjì. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ swíìṣì náà ti di àwọ̀ ewé, mo fọ̀ ọ́, mo sì tún lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jó.

Kí a tó tú kẹ̀kẹ́ ńlá, mo ti fi abẹ́rẹ́ fa ìlà kọjá lára rẹ̀ àti lára ìsàlẹ̀ áńténà. Kẹ̀kẹ́ yìí ní eyín 120, nítorí náà eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 3. Tí a bá dá a padà pẹ̀lú àṣìṣe eyín kan péré, nǹkan tó wà ní máìlì òkun 6 síni máa hàn lójú ẹ̀rọ ní ibi tó fi nǹkan bíi mítà 580 yẹ̀ sí ibi tó wà gan-an. Nítorí irú èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n fàmì sí nǹkan kí wọ́n tó tú u, bó ti wù kí ó rọrùn tó lójú wọn.

Ìdánwò lórí tábìlì

Kí n tó pààrọ̀ bíárìn, mọ́tọ̀ nìkan, láìsí bẹ́líìtì, ń gba áḿpù 0.2 ní fólítì 12. Pẹ̀lú áńténà, ó ń gba 0.9, nígbà tó bá sì dé ibi tó ń di, á fò kọjá 1. Lẹ́yìn bíárìn 2RS, ó dúró sí 0.4, kò sì yí padà bí mo ṣe gbé e dagun sí ìhà gbogbo. Rọ́bà bíárìn kò dí i lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àsìkò náà rọrùn láti wò: ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú kan túmọ̀ sí pé yíyí mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 25. Aago ọwọ́ tó fún èyí.

Rọ́bà ẹnu ìdérí tuntun la fi sí i, a ṣí ihò omi títí a fi rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ ìwé ìnujú gbígbẹ yí inú rẹ̀ ká, mo pa á dé, mo gbé e dagun bí ìlà omi ṣe fi hàn pé ó wà lórí òpó, ọmọṣẹ́ mi sì fi rọ́bà omi fọ́n omi sí i láti ìhà gbogbo fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a ṣí i, gbogbo ìwé náà gbẹ. Inú mi dùn sí ìdánwò yìí ju ti mítà lọ, torí omi ni ọ̀tá tó gbé rédà náà dé ọwọ́ mi.

Kútọnu

Mo lè dá rédà padà fún wọn kí n sì jókòó sí Àjàṣẹ́, àmọ́ ìlà omi tó dagun yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Mo fẹ́ rí ibi tó jókòó sí lókè òpó. Àbúrò náà gùn ún, mo sì wà nísàlẹ̀ tí mò ń pe ohun tó yẹ kó wò. Irin tó gbé rédà dúró ti tẹ̀, ó dorí kọ iwájú, ihò omi sì wà lápá ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé, ká tiẹ̀ ní wọn ò fi sìlìkóònù dí i, ihò náà ló ga jù nínú gbogbo ìsàlẹ̀ rédà, omi ò ní rí ibẹ̀ dé. A gé ike líle ní ìrísí èèkàn, a fi tì í lábẹ́ apá iwájú, títí tí ihò fi di ibi tó rẹlẹ̀ jù. Bóòtù tí a fi dè é, mo wọn gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí èyí tó bá gùn jù máa lu ìsàlẹ̀ rédà já. Wáyà náà, a jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé e lè kán dànù níbẹ̀.

Ó ku ẹ̀sùn ìlọ́ra. Bíárìn ti ṣàlàyé púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ wo iná. Níbi bátìrì, mítà kà 12.6. Lókè òpó, nígbà tí rédà wà lẹ́nu iṣẹ́, ó kà 11.1. Tí rédà bá wà ní pípa, lókè àti nísàlẹ̀ máa bára mu, mítà á sì sọ pé kò sóhun tó ṣe wáyà. Ìgbà tí iná bá ń ṣàn ni àṣírí ń tú. Mo fi ẹsẹ̀ mítà kan sí apá ìhín ibi ìsopọ̀ tó wà ní ìdí òpó, èkejì sí apá ọ̀hún: fólítì kan àti díẹ̀ ló ń ṣòfò síbẹ̀, ó sì ń gbóná lọ́wọ́. Iyọ̀ òkun ti jẹ inú rẹ̀. A gé e kúrò, a fi tuntun sí i, a sì rọra kun un ní gírísì. Mítà gòkè dé 12.3.

A tan án nínú èbúté. Ògiri òkúta tó ń dá ìgbì òkun dúró hàn kedere, etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Ìlà iwájú fi dígírì kan yẹ̀ sí igun ògiri náà tí a ń wò lójú, mo ṣàtúnṣe rẹ̀ láti inú ètò ẹ̀rọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ jáde lọ sójú ìgbì lẹ́yìn ìyẹn, ìlà náà kò sọnù.

Bẹ́líìtì àpamọ́ kan wà nínú àpò ọ̀rá, lábẹ́ tábìlì àwòrán òkun. Mo fi máákà kọ iye eyín rẹ̀ àti 6005-2RS sí inú ìdérí rédà, fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi, mo sì fa ọfà sí ihò omi, mo kọ ọ́ lédè Faransé àti Yorùbá pé kí wọ́n má ṣe dí i. Àbúrò náà máa tẹ̀ mí láago nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá dá, kó lè sọ fún mi bóyá ó rí omi kankan tó ń kán láti ibẹ̀.